Wọ́n Di Ẹ̀bi Omi Ru Àpò Ẹ̀gẹ́

Títí dòní, inú mi kì í dùn tí mo bá rí púpurú lórí àtẹ. Púpurú ni ìyá mi fi tọ́ mi. Nínú odò kékeré kan tó gba abẹ́ títì kọjá lẹ́bàá Ìkọ̀yà ni òun àti àwọn obìnrin àdúgbò ti ń rẹ ẹ̀gẹ́. Wọ́n á kó o sínú àpò, wọ́n á so àpò mọ́ igi létí omi, ó di ìgbà tó bá rọ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ gún, kí wọ́n sì yan án lórí iná, kó tó di púpurú.

Nígbà tí iṣẹ́ títì tuntun dé láàárín àwọn ọdún 1990, èmi ni wọ́n fi sídìí kọ̀ǹpútà níléeṣẹ́ tó gba iṣẹ́ náà. Bí a bá ti fún un ní ìwọ̀n odò, ìwọ̀n òjò àti ìwọ̀n páìpù, á sọ bí omi yóò ṣe rìn. Ìyá mi bi mí bóyá kì í parọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ìyé, ẹ̀rọ kì í parọ́." Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi mí yangàn láàárín àwọn aláṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Páìpù kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ rì sábẹ́ títì. Mo fi í sínú kọ̀ǹpútà, ẹnu rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí àpò, kò sí koríko. Bí òjò ńlá ṣe dé lójú ẹ̀rọ, omi kún páìpù dé òkè. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, omi kì í rọra ṣàn mọ́. Ṣe ni èyí tó wà lẹ́yìn á máa fipá ti tiwájú jáde, tí òun fúnra rẹ̀ á sì máa gòkè. Ẹni tó bá ti da epo sínú àrọ kọjá agbára ọrùn rẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Lórí kọ̀ǹpútà náà, omi gòkè dé ilé opó kan tó múlé ti ìyá mi.

Mo ní kí wọ́n fi páìpù kejì sí i. Ọ̀gá mi, tí kì í ṣe ará ibẹ̀, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọmọ Ìkálẹ̀, ilé yín lò ń gbèjà. Ọ̀kan ti tó." Ó tó lóòótọ́, nítorí ilé tiẹ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀.

Páìpù kan náà ni wọ́n rì. Òjò dé, omi sì gòkè. Ògiri amọ̀ opó náà wó. Àpò ìyá mi ṣì so mọ́ igi rẹ̀ lókè odò, ó jìnnà sí ẹnu páìpù. Nígbà tí ìlú figbe bọnu, ọ̀gá ní kí n tún iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà ṣe, kí n fi àpò ẹ̀gẹ́ dí ẹnu páìpù nínú rẹ̀. Mo kọ̀. Ó pe ẹlòmíì, ìyẹn ṣe é. Nínú gbọ̀ngàn ìlú ni ọ̀gá ti na bébà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí sókè: "Ẹ wò ó, àpò àwọn ìyá wa ló dí omi lọ́nà." Mo dìde láti sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n jókòó. Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi.

Ìyá mi kúnlẹ̀ bẹ opó tó lè bí lọ́mọ, lójú gbogbo èèyàn. Kò ṣe púpurú mọ́. Mo ṣàlàyé, mo tún ṣàlàyé, títí ikú fi mú un lọ. Èsì kan náà ló máa ń fún mi: "Ọma mi, fi í lẹ̀. Ìwọ li o sọ fún mi pé ẹ̀rọ kì í parọ́."