Nọ́ńbà Fóònù Orí Pátákó Aránṣọ

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ pátákó kíkọ ní Iléṣà, aránṣọ kan ní kí a kọ nọ́ńbà fóònù lándílọ́ọ̀dù òun sí pátákó ṣọ́ọ̀bù òun, torí òun kò ní fóònù. Ojú ń tì mí, síbẹ̀ mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé lándílọ́ọ̀dù yín mọ̀?"

"Kí wọ́n tó mọ̀, ọ̀dà á ti gbẹ!"

"Wọ́n lè lé yín kúrò ní ṣọ́ọ̀bù o."

"Háà, ìwọ náà mọ ọ̀rọ̀ sọ!"

Ọ̀gá mi ní, "Òótọ́ ló sọ. A kì í kọ nọ́ńbà ẹni tí kò gbà." Orí mi wú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rọra lọ kúnlẹ̀ níwájú lándílọ́ọ̀dù náà, mo tọrọ ìyọ̀ǹda. Wọ́n gbà, èmi fúnra mi ni mo sì kọ nọ́ńbà náà.