Ìbò tí Wọ́n Kà Nígbà tí Àwọn Èèyàn Lọ Kírun

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí òjò ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Lọ́yà Dèjì gorí bẹ́ńṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìyànà Ìbà, ó ní ìdìbò ẹgbẹ́ ọlọ́ṣọ́ọ̀bù ti bẹ̀rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin àbúrò mi, nítorí pé ilé-iṣẹ́ lọ́yà náà ti tẹ ìtàn ara wọn jáde báyìí, nínú ìwé pẹlẹbẹ kan tó ń dán bíi dígí. Wọ́n ní àwọn ló kọ́ ìyànà yìí bí a ṣe ń dìbò láìsí ìjà. Mo gbé gbólóhùn náà yẹ̀wò dáadáa. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì náà kì í ṣe ti Dèjì.

Lókè ilé kẹ́míìsì kan ní Òkókómáìkò ni bàbá rẹ̀, tí a ń pè ní Lọ́yà Àgbà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: yàrá kan, tábìlì kan. Wọn kò tíì bí mi nígbà náà, nítorí náà ohun tí àwọn tí kì í bára wọn sọ̀rọ̀ jọ gbà pé ó ṣẹlẹ̀ nìkan ni mo ń kọ. Ó ń gba ẹjọ́ ayálégbé rò. Nígbà tí àwọn ọlọ́ṣọ́ọ̀bù ń jà lórí ipò alága, òun ni wọ́n bẹ̀ kó darí ìbò. Kò sí àpótí ìbò. Èèyàn á tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́. Bí ìrun bá tó, ẹni tó fẹ́ kírun á bọ́ bàtà rẹ̀ síbi tó dúró sí, á wọ sílípáàsì lọ sí mọ́ṣáláṣí. Bàtà náà á di ààyè rẹ̀ mú. Lọ́yà Àgbà kì í ka ẹnikẹ́ni títí gbogbo wọn á fi padà dé.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ẹnì kan fẹ́ gba ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wa wà lórí rẹ̀ kọ́ ilé ńlá, alága ẹgbẹ́ ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Èèyàn méjì ló ń du ipò náà. Alhaja Sìfáwù, opó tó ń ta ike àti kúlà, ní òun kò ní fọwọ́ sí i láéláé. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Alhaji Múfú, tó ń ta rọ́ọ̀gì, ní kí a kọ́kọ́ wo bó ṣe máa rí. A mọ ìtumọ̀ ìyẹn.

Ìlà Alhaja yípo kọjá ilé oúnjẹ. Ti Alhaji kò dé ẹnu gọ́tà. Dèjì rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù, ó ránṣẹ́ ra máàtì mu, ó ní òun ń retí ìpè kan. Ó ń retí ìpè lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Jímọ̀, ìlà Alhaja tú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bàtà kù nílẹ̀. Ní ìlà kejì, ẹnikẹ́ni kò mira. Alhaji, tó máa ń kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn pé kí wọ́n wá kírun, ń wo ojú ọ̀run.

"Alhaji, ṣé ẹ ti kírun tòní sílẹ̀ lánàá ni?" Alhaja bi í.

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa lọ, Alhaja. Ẹ bá mi ṣàdúà."

Alhaja yíjú sí Dèjì. "Lọ́yà, bàtà wa ń bẹ níbẹ̀ o."

"Mo rí i, mà."

Bí wọ́n ṣe kọjá kọ́nà báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn èèyàn kò tíì dé," ni mo wí.

"Ta ni ìwọ?"

"Èmi ni mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé yìí, sà."

"O lọ yunifásítì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wọn ò wá kọ́ ẹ níbẹ̀ pé bàtà kì í dìbò?"

Ìlà Alhaji rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àwọn tó mọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Bàbá yín ló fi í lélẹ̀ bẹ́ẹ̀, sà."

"Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì."

Nígbà tí àwọn tó lọ kírun dé, ó ti kéde pé Alhaji ló wọlé. Alhaja mú bàtà rẹ̀, ó gbọn eruku ara rẹ̀ dànù. "Dèjì," ló wí, láìpè é ní lọ́yà, "sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ńṣì mi."

Ní ọjọ́ Ajé, a kó bàtà ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ sí òkè ilé kẹ́míìsì, níbi tí ọ́fíìsì wọn ṣì wà, a tò wọ́n sórí àtẹ̀gùn títí dé ẹnu ọ̀nà. Ìwé wọn pe ìyẹn ní jàǹdùkú. A lọ bá Lọ́yà Àgbà nílé rẹ̀ ní Ẹ̀sítéètì Ìbà. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wa tán, ó ní, "Ẹ lọ bá Dèjì sọ ọ́," ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo ti bọ̀wọ̀ fún un tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan ní Dèjì gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Mi ò rí i kó gbà á, nítorí náà mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé kò dìgbà tó bá gbà á kí n tó kórìíra ohun tó ṣe. Èrè wa ni pé àwọn ẹgbẹ́ tó wà nítòsí kì í pè é sí ìbò mọ́. Àdánù wa ni ìlà ṣọ́ọ̀bù náà látòkè délẹ̀: Alhaji fọwọ́ sí ìwé, wọ́n sì wó gbogbo rẹ̀. Wọ́n ṣèlérí ààyè fún wa nínú ilé tuntun. Títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí, wọn kò tíì pè mí, wọn kò sì tíì pe Alhaja.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo gba ibẹ̀ kọjá. Ilé náà ti parí, iwájú rẹ̀ sì ti di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Lọ́yà Dèjì jáde wá láti inú ilé náà, ó ṣí ọkọ̀ kan tó dúró gẹ́lẹ́ níbi tí Alhaja Sìfáwù máa ń to kúlà sí, ó jókòó, ó sì wà á lọ.