Omi Méjì fún Eyín Tí Mo Fi Ń Tọ́ Obì Wò

Ìgbàkígbà tí mo bá gbóòórùn aṣọ funfun tí wọ́n rẹ sínú bílíìṣì, eyín mi kan lẹ́yìn lápá ọ̀tún ni mo máa ń rántí. Òwò obì ni mò ń ṣe nígbà náà, láti àwọn abúlé Iléṣà wá sí Òṣogbo, eyín yẹn sì ni òṣùwọ̀n mi. Bí mo bá ti gé obì jẹ, ìró rẹ̀ á sọ fún mi bóyá ó gbó tàbí kòkòrò ti wọ̀ ọ́.

Àfi bí eyín ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Igbe tí mò ń ké ní Òkè-Baálẹ̀ láfẹ̀mọ́júmọ́ pọ̀ débi pé àkùkọ aládùúgbò mi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo fi ọtí sí i, mo fi iyọ̀ sí i, mo fi ewé tábà sí i, ẹnu mi di ìsọ̀ elégbòogi. Ilé ìwòsàn ló kù, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọn yóò yọ ọ́. Ta ló ń fi èékánná ra obì?

Dókítà eyín tí mo bá níbẹ̀ kéré sí àbígbẹ̀yìn mi, obìnrin, ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Ó ní eyín náà kò ní kúrò bí òun bá lè fọ inú gbòǹgbò rẹ̀ mọ́, kí òun sì dí i. Omi méjì ló gbé kalẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n gbóòórùn wọn ná, oníṣòwò ni mí.

"Bàbá, èyí tó ń rùn bí bílíìṣì yìí ń pa kòkòrò, ó sì ń yọ́ ẹran tó ti jẹrà nínú ihò eyín. Ìkejì ń pa kòkòrò, agbára rẹ̀ sì ń pẹ́ lára eyín, ṣùgbọ́n kì í yọ́ ẹran."

Mo rẹ́rìn-ín àgbà. "Ṣé ìyẹn náà ló ń dà ọ́ láàmú? Pò wọ́n pọ̀, ọmọ mi. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà."

Kò bá mi jiyàn. Ó kán díẹ̀díẹ̀ nínú méjèèjì sínú ife kékeré. Omi tó mọ́ gaara bá di pupa rúsúrúsú bí àgbo tó ti hó dáadáa.

"Ó ti jinná!" ni mo pariwo. "Dà á sí i!"

"Àgbo kọ́ nìyí, Bàbá. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ yóò dí ihò náà pa kí n tó fọ̀ ọ́ mọ́. Bí ẹ bá la obì tí inú rẹ̀ rí báyìí ńkọ́, ẹ ó rà á?"

"Láéláé!"

"Ẹ wá fẹ́ kí n rà á fún eyín yín."

 Mo la ẹnu fún un. Ó fi omi olóòórùn bílíìṣì nìkan fọ eyín náà, ó sì dí i.

Di òní, eyín náà ṣì ń gé obì. Bí àwọn awakọ̀ bá yí mi ká ní Old Garage, mo máa ń sọ fún wọn pé èmi ni mo kìlọ̀ fún dókítà náà kó má po omi méjèèjì pọ̀. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó lè já irọ́ mi ni eyín yẹn, ọ̀dọ̀ mi ló sì ń gbé. Ojoojúmọ́ ni mò ń fún un ní obì, kó lè dákẹ́.