Jagunjagun Tí Mo Fi Ilẹ̀ Bàbá Mi Rà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n tú ohun tó wà nínú mi yìí sílẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi dáadáa. Tí n kò bá rí ẹni sọ ọ́ fún, àfàìmọ̀ kó má di àìsàn sí mi lára.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tẹ̀ lé mi tipẹ́ mọ̀ pé ẹ́sì, ẹ̀rọ amúlétutù, ni mo ń tún ṣe ní Ìkátè. Ẹ tún mọ àrùn tó ń ṣe mí: àwọn ère jagunjagun kéékèèké tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, èyí táwọn àgbàlagbà ń rà tọ́jú. Action figure lòyìnbó ń pè é. Ìyàwó mi ní tirẹ̀, bèbí ló ń pè é. Ó ní àwọn ọkọ ẹlòmíì ń ra bèbí fún ọmọ, ọkọ tòun ń rà á fún ara rẹ̀. Mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lẹ́yìn tí Bàbá wa kú, ẹbí ta lára ilẹ̀ wọn l'Ájàh, wọ́n sì pín owó rẹ̀ fún àwa ọmọ mẹ́ta. Màámi wá fi òfin kan lélẹ̀. Wọ́n ní owó ilẹ̀ kì í ṣe owó ọbẹ̀. Tó bá di ọdún kẹta, lọ́jọ́ àdúrà Bàbá, kí kálukú mú ohun tí ilẹ̀ tirẹ̀ dà wá, kí gbogbo ojú rí i. Ẹni tó bá rí nǹkan gidi fi hàn yóò gba ìpín tirẹ̀ nínú ilẹ̀ kékeré tó ṣẹ́ kù lẹ́bàá títì. Ẹni tí kò bá rí, ìpín rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ Bọ̀dá Ràfíù, ẹ̀gbọ́n wa àgbà, títí ọgbọ́n yóò fi dé sí i lórí.

Bọ̀dá Ràfíù ra kẹ̀kẹ́ Márúwá. Àǹtí Sílífá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ṣí ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Èmi ńkọ́? Mo ra jagunjagun kan ṣoṣo!

Ẹ má tíì bú mi. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tà fọ́mọdé lójú títì o. Ó ga tó apá mi láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka. Ó wọ ẹ̀wù irin, idà méjì wà lọ́wọ́ ẹ̀, nọ́ńbà tirẹ̀ sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀, torí ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ṣe jáde. Ẹni tó tà á fún mi ní tí n kò bá ti já páálí rẹ̀, ọdọọdún ni iye rẹ̀ yóò máa gbéra. Kọ́sítọ́mà mi kan ní Lẹ́kì, tó ní irú ẹ̀ rẹpẹtẹ nílé, jẹ́rìí sí i. Ó tiẹ̀ ní òun máa rà á lọ́wọ́ mi lọ́dún kẹta. Èrò mi ni pé kí n fi owó rẹ̀ kọ́ yàrá méjì sórí ilẹ̀ ẹ̀bá títì yẹn. Yàrá kan ṣoṣo la háyà l'Ájàh, tójò bá sì ti rọ̀, inú omi ni èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa ń wà.

Nítorí omi yẹn náà ni n kò ṣe lè tọ́jú jagunjagun sílé. Mo gbé e lọ bá Màámi.

Àṣìṣe mi nìyí. Ojú tì mí láti sọ fún wọn pé ère ìṣeré ni. Mo wé páálí náà sínú aṣọ, mo ní ohun iyebíye ni, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi tọ́jú ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aṣọ Bàbá. Wọn ò bi mí léèrè kankan. Àdúrà ni wọ́n ṣe fún mi.

Lọ́jọ́ àdúrà, ààfáà parí, a jẹun, ó wá ku àwa ẹbí. Bọ̀dá ti gbé kẹ̀kẹ́ síwájú ilé. Àǹtí Sílífá gbé búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo wá síwájú Màámi, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ó kàn mí. Màámi fúnra wọn dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé e jáde bí ẹní gbé ọmọ tuntun. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní inú àpótí aṣọ Bàbá ló wà látọjọ́ yìí, kòkòrò kan ò fẹnu kàn án.

Mo tú aṣọ. Òórùn káńfọ̀ lù mí nímú. Ẹ mọ̀ ọ́n, àwọn hóró funfun tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Bíi mẹ́wàá ló yí bọ́ sórí ẹní.

Kọ́sítọ́mà mi ti kìlọ̀ fún mi rí pé káńfọ̀ ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn, pé ó ń yọ́ irú rọ́bà yẹn. Mo mọ̀! Èmi ni n kò sọ fún Màámi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, nígbà tí n kò sọ ohun tó wà nínú páálí?

Mo ṣí i. Ojú jagunjagun ti lẹ̀ mọ́ páálí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ká, idà kan ti wọnú itan rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó ń fà bí oje igi. Mo gbìyànjú kí n gbé e dúró, ó ṣubú. Mo tún gbé e, ó tún ṣubú.

Bọ̀dá ò pariwo, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. "Mùtíù, ṣé ilẹ̀ Bàbá rèé?"

Mo wá rí i pé Màámi ò wo jagunjagun mọ́. Àwọn káńfọ̀ orí ẹní ni wọ́n ń wò. Wọ́n gbójú sókè wò mí.

"Àbí nǹkan tí mo fi sí i ló bà á jẹ́ ni?"

Kí lẹ̀yin ìbá sọ? Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á mọ̀ pé n kò fi ilẹ̀ ṣòfò, pé àgbákò ni. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún mi ní ìpín mi. Ṣùgbọ́n Màámi á di ẹni tó ba ogún ọmọ rẹ̀ jẹ́, lójú gbogbo ẹbí, lọ́jọ́ àdúrà ọkọ wọn.

"Rárá o, Màámi," ni mo wí. "Ayédèrú ni wọ́n tà fún mi. Kò sóhun tẹ́ ẹ ṣe."

Àǹtí Sílífá pòṣé. Bọ̀dá ní ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, ìpín mi ti wà lọ́wọ́ òun. Ẹnì kankan ò bá mi bẹ̀ ẹ́. Ta ni yóò bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó fi ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ra bèbí, tí bèbí ọ̀hún tún jẹ́ ayédèrú?

Mo délé, ìyàwó mi ò bá mi jà. Ó kàn ń kó ẹrù kúrò nílẹ̀ sórí tábìlì, torí ojú ọ̀run ti ń ṣú. Mo sunkún, n kò ní purọ́ fún yín. Mo ti fi omi ọṣẹ nu jagunjagun yìí, mo ti gbé e sínú fíríìjì, mo ti fi pátákó tì í lẹ́yìn. Òfo ni. Kọ́sítọ́mà mi ní kí n má wulẹ̀ gbé e wá.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tẹ́ ẹ bá fi nǹkan pamọ́ sí lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó mọ ohun tó jẹ́. Màámi ò ṣẹ̀ mí. Ohun tó dára jù tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ṣe fún mi. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n la ẹnu.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ gbójú lé tó já yín kulẹ̀? Ta ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń tún rọ́bà tí káńfọ̀ ti yọ́ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mò ń kà á.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Ájàh tẹ́ ẹ mọ Màámi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ka èyí sí wọn létí. Wọ́n pè mí láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn ti kó gbogbo káńfọ̀ inú àpótí dànù, kí n wá mú èyí tó bá wù mí nínú aṣọ Bàbá. Mo ní ẹ ṣeun, Màámi. Ẹnì kankan nínú wa ò sì tètè gé fóònù.