Nígbà Tí "A Dúpẹ́" Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gba Ẹsẹ̀ Ẹlẹ́sẹ̀

Ìka ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ti ń dú. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù bí omi àmù. Bẹ́ẹ̀ Làmídì, ọmọṣẹ́ mi tó ṣọ́ ọ láti ìrun Àsùbáà, ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún Àjàní tó wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "A dúpẹ́, ara ń le."

Eegun ni mò ń tò ní Ọ̀fà láti ìgbà tí àwọn òyìnbó ti ń la ojú irin gba ọ̀dọ̀ wa. Igi wó lu ẹni, irin bọ́ lu ẹni, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé wọn wá. Ilé mi ni wọ́n ń gbé títí eegun wọn á fi so pọ̀. Làmídì a máa ṣọ́ wọn láti àárọ̀ dé ìrun Ayílà ọ̀sán, Àjàní a sì gbà á di ìrọ̀lẹ́. Àgbẹ̀ ará Ìjàgbò ni ọkùnrin yìí, ojúgun rẹ̀ ló kán. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó ń wò mí lójú. Àgbẹ̀ tí kò lẹ́sẹ̀, ta ni yóò bá a kọ ebè?

Mo tú okùn, mo kó àwọn pẹlẹbẹ ọparun tí a fi dè é kúrò, mo fi òrí ra ẹsẹ̀ náà títí ó fi gbóná díẹ̀. Nígbà tó pariwo pé ó ń dun òun, inú mi dùn. Ẹsẹ̀ tó ń dunni kò tíì kú.

Mo kọjú sí Làmídì. "O ò rí i ni?"

"Mo rí i, Bàbá. Láti àárọ̀ ló ti tutù."

"Kí ló dé tí o wá ń dúpẹ́?"

Ó dọ̀bálẹ̀. "Aláìsàn ń gbọ́, Bàbá. Wọn kì í sọ̀rọ̀ burúkú sí aláìsàn létí. Àti pé ẹ̀yin lẹ dè é."

Òótọ́ ni. Èmi tí mo ń fọ́nnu káàkiri pé ọwọ́ mi kì í ṣì, èmi ni mo dè é le jù. Ojú tì mí gan-an.

Ọjọ́ náà ni mo ṣòfin. Ẹ kí ara yín títí ní ìta, kò kàn mí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé ẹ̀gbẹ́ ẹní aláìsàn, kí ẹni tó ń lọ gbé ọwọ́ ẹni tó ń bọ̀ lé ibi tó ń dun aláìsàn, kó sọ ohun tó ń ba òun lẹ́rù. Kí ẹni tó ń gbà á sì tún un sọ kó tó jókòó. Àjàní, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, bi mí bóyá òfin náà mú àgbà. Mo ní ó mú mi.

Mo tún ẹsẹ̀ náà dè. Lọ́jọ́ kejì, Àjàní kò sí nílé, èmi ni mo wá gbaṣẹ́. Níwájú aláìsàn àti ìyàwó rẹ̀, Làmídì gbé ọwọ́ mi lé ìka ẹsẹ̀ náà.

"Bàbá, ó tún ń tutù. Ẹ tún ti dè é le."

Mo tún un sọ bí òfin ṣe wí: "Ó ń tutù, mo dè é le." Mo tú u, mo kó ọparun àti okùn lé Làmídì lọ́wọ́, mo sún sẹ́yìn fún un.

Ìdè Làmídì ni eegun náà fi so pọ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni ọkùnrin náà fi rìn lọ sí Ìjàgbò.