Irin Tí Bàbá Tọ́lá Ní Kí Wọ́n Pààrọ̀

Wọ́n lé bàbá ọ̀rẹ́ mi kúrò ní Àkúrẹ́ nítorí irin kan tó ti sọ fún wọn pé kí wọ́n pààrọ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Ariwo kan tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo ń bọ̀ láti Oǹdó, ló tún pọ̀ ọ́ sí mi lẹ́nu. Kò-kò-kò, lápá ọ̀tún níwájú, pàápàá tí táyà bá kó sí kòtò. Mi ò tíì délé tí mo ti mọ ohun tó jẹ́. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan ń yí irin tó ń pariwo náà jáde lọ́jọ́ kejì, àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi: "Oókan, eéjì, ẹẹ́ta..."

"Mà, kí lẹ ń kà?"

"Ìyípo rẹ̀ ni. Ìwọ ò ní kà á ni?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ aláìnmẹ́ǹtì tó ń mú táyà dúró ṣánṣán á rí sí i, Mà. Ẹ lọ jókòó níbi ibòji."

Mo lọ jókòó. Èmi nìkan ni mo ka ìyókù, nínú ọkàn mi.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, irin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú kọ̀ọ̀kan, táì-rọ́ọ̀dù làwọn mẹkáníìkì ń pè é. Orí rẹ̀ rí roboto bí orí eegun itan ẹran, ó ń yí nínú gíríìsì, rọ́bà sì bò ó. Òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọwọ́ awakọ̀ dé ẹsẹ̀ táyà. Bó bá jẹ tán, o lè pe táyà títí, kò ní dáhùn.

Bàbá Tọ́lá, ọmọ Oǹdó tó ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì lẹ́yìn ilé wa ní Àkúrẹ́, ló kọ́ mi. Èmi nìkan làwọn òbí mi bí, Tọ́lá ọmọ rẹ̀ sì ni ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní. Tá a bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, orí táyà àlòkù lábẹ́ igi máńgòrò la máa ń jókòó sí, tí òórùn kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń fọ irin á máa bá ti dòdò tí ìyá rẹ̀ ń dín jà. Ní ọjọ́ Sátidé, Bàbá Tọ́lá á fún àwọn táì-rọ́ọ̀dù ní gíríìsì; láyé ìgbà yẹn, irin náà ní ẹnu kékeré tó fi ń mu ún. Tó bá fura sí ọ̀kan, á fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, á fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, á wá pe ẹni tó ni ín: "Alàgbà, ẹ fọwọ́ ara yín mi táyà yìí, kó má dà bíi pé ẹnu mi ni." Mo rí olóyè kan tó wọ agbádá funfun kúnlẹ̀ mi táyà, tó sì dìde pẹ̀lú orúnkún dúdú méjì.

Kó tó tú irin àtijọ́, á pe èmi àti Tọ́lá ká wá kà á. A ò gbọdọ̀ wo ojú ara wa. Iye ìgbà tí èyí àtijọ́ bá yí jáde ni tuntun gbọ́dọ̀ yí wọlé. "Tẹ́ ẹ bá ṣì í kà," á ní, "táyà kan á máa lọ Oǹdó, èkejì á dorí kọ Ọ̀wọ̀." Tọ́lá a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹnu Àkúrẹ́ tó ń pe ilé ní "ulé" ò lè kà kọjá ogún. Inú a máa bí mi nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ọkọ̀ tí kò bá yẹ kó jáde, Bàbá Tọ́lá máa ń so àkísà pupa mọ́ sitíárì rẹ̀. Gbogbo awakọ̀ àdúgbò ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nígbà òjò, wọ́n gbé bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ wa wá. Ọ̀gá tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà bá a wá, torí pé ọjọ́ kejì la fẹ́ lọ wo ìlú Oǹdó. Rọ́bà táì-rọ́ọ̀dù rẹ̀ ti ya, iyanrìn ti wọ inú gíríìsì. Bàbá Tọ́lá ní kí ọ̀gá fọwọ́ mi táyà. Kò fọwọ́ kàn án.

"Ṣé kò lè gbé wa lọ Oǹdó ká tó pààrọ̀ rẹ̀ ni?"

"Ó lè gbé yín lọ, ọ̀gá. Ibi tó máa gbé yín dé ni mi ò mọ̀."

Ó so àkísà pupa mọ́ sitíárì. Ọ̀gá tú u, ó jù ú sílẹ̀. "Ta ló ni ọkọ̀?" Ojú èmi àti Tọ́lá ló ṣe.

Bàbá Tọ́lá ò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ. Tọ́lá bẹ èmi náà kí n má lọ. Mo lọ. Ká tó dé Oǹdó, bọ́ọ̀sì yà bàrá, ó wọ oko kòkó. Ẹnikẹ́ni ò kú, àmọ́ ẹsẹ̀ olùkọ́ wa kan kán.

Ọ̀gá sọ fún ìgbìmọ̀ àwọn òbí pé Bàbá Tọ́lá ló tún un ṣe tí kò ṣe é dáadáa. Irọ́ ni. Ẹnì kan ò tú irin náà wò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojú lásán ni wọn ì bá fi mọ̀ pé ògbólógbòó ni. Wọn ò pe awakọ̀. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n ní bí kò bá mọ ohun tó ṣe, kí ló dé tó fi ọmọ tirẹ̀ sílé? Ìyá mi wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Mo sọ fún un pé mo rí àkísà yẹn. "Ọmọdé kì í bá àgbà ṣẹjọ́. Panu mọ́."

Mo panu mọ́. Ìgbìmọ̀ ní kí Bàbá Tọ́lá àti ìdílé rẹ̀ kúrò nílùú; láàárín ọ̀sẹ̀ kan, lọ́rì tí ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ háyà kó wọn lọ. Mo juwọ́ sí Tọ́lá. Kò jù ú padà. Títí ọdún fi parí, èmi nìkan ni mo jókòó lórí bẹ́ńṣì ẹlẹ́ni méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ béèrè wọn ní Oǹdó, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣìkẹta. Àwọn ẹbí wọn ní wọn ò padà wálé rí.

Irin ti yàtọ̀ báyìí. Kò lẹ́nu tó fi ń mu gíríìsì mọ́, tó bá jẹ, wọ́n á jù ú nù. Ẹ̀rọ ló sì ń bá wọn wo bí táyà ṣe dúró. Àmọ́ ẹni tó bá fọwọ́ méjèèjì di táyà mú, tó mì ín, á ṣì gbọ́ òtítọ́.

Ìyá mi ti kú, mi ò lè bi í mọ́. Ẹ̀yin yòókù nínú ìgbìmọ̀ yẹn tí ẹ ṣì wà láàyè ní Àkúrẹ́ ni mò ń bi. Ta ló wo irin náà nínú yín? Kí ló dé tí ẹ ò pe awakọ̀? Ọ̀kan nínú yín ló háyà lọ́rì yẹn. Ìlú wo ló gbé wọn lọ?