Bí Mo Ṣe Ka Ẹ̀kọ́ Ìkórè Lórí Fóònù

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́dìn ìjọ wa gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó méjì wá sílé wa ní Adó, mo sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bẹ nílẹ̀. Ẹni tó bá kàn fẹ́ kí ènìyàn lásán kì í gbé irú èso bẹ́ẹ̀ dání. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé ní Igbemo nígbà tó ṣì ń fi apá ẹ̀wù nu imú, nítorí náà kò lè wo ojú mi nígbà tó ń sọ ohun tí wọ́n rán an.

"Mà," ó ní, "ìgbìmọ̀ ní kí n bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ ti ṣe uṣẹ́ púpọ̀ fún Olúwa. A fẹ́ kí ẹ sinmi díẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ máa bá wa ka ẹ̀kọ́."

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Mo ti ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì nínú ìjọ wa kí n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ṣùgbọ́n ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Ní ọjọ́ Àjíǹde, mo fo ìlà kan, mo sì ka òmíràn lẹ́ẹ̀mejì, àwọn akọrin ń wo ara wọn. Dókítà ojú sì ti sọ fún mi pé awò tí mo ń lò ni ó lágbára jù tí òun lè fún mi.

Ó dùn mí wọra. Ká ní wọ́n gba àga iwájú lọ́wọ́ mi ni, mi ò ní wí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìwé kíkà ni mo fi di ènìyàn. Àgbẹ̀ ni bàbá mi ní Ijan, àwọn ará ilé sì bú u títí pé ó ń fi owó iṣu rán obìnrin lọ sílé ìwé. Èmi tí wọ́n torí rẹ̀ bú u kò ní jókòó kí wọ́n máa kàwé fún mi.

"Èmi ni mo máa ka ẹ̀kọ́ kìíní ọjọ́ Ìkórè," mo ní.

"Mà, orí fóònù ni gbogbo ètò ìsìn wà lọ́dún yìí o, àti àwọn ẹ̀kọ́ náà. Ìwọ̀nba tí a tẹ̀ kò ju ti àwọn àlejò pàtàkì lọ."

Ó rò pé ó ti pa mí lẹ́nu mọ́ nìyẹn. Mo ní kó fi ránṣẹ́ sí temi náà, mo sì kí i pé ó dàárọ̀.

Ọkọ mi tó ti ń gbọ́ wa láti inú yàrá jáde sí pálọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì lòun náà, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó kó máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀. "Fóònù tí o máa ń gbé sétí lódìlódì," ó ní, "òun lo fẹ́ fi ka ùwé fún gbogbo ìjọ?"

"Òun náà ni," mo dá a lóhùn.

Nígbà tí ìwé náà dé, mo ṣí i nínú áàpù tí a fi ń kàwé. Lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ọmọ èèrà. Mo fi ìka méjì yà á, ó sì tóbi bíi ti pátákó ojú títì, ṣùgbọ́n ìparí ìlà ti bọ́ síta. Mo ní láti fà á lọ sápá ọ̀tún kí n tó ka ìlà kan tán, kí n tún fà á padà, nígbà tí mo bá sì padà dé, mi ò ní mọ ìlà tó kàn mọ́. Àléébù ọjọ́ Àjíǹde náà ló tún dé yẹn. Mo pòṣé, mo jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo máa gbé e, ó ti yí sí ẹ̀gbẹ́, ojú ìwé náà ti fẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan sì pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo kọrin ọpẹ́.

Ìṣòro tó kù wá di ti ìka ọwọ́ mi. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe tíṣà, ahọ́n ni mo fi ń rẹ ìka kí n tó ṣí ìwé. Bí mo bá sì ti fi ìka tútù kan fóònù, yálà kó dúró gbagidi tàbí kó fò lọ síbi tí mi ò rán an. Mo bá ìka náà wí, kò gbọ́. Ọkọ mi ń bi mí bóyá fóònù náà dùn. Mo rántí ohun tí a máa ń ṣe bí a bá fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú, mo já ewúro lẹ́yìnkùlé, mo gún un, mo sì fi oje rẹ̀ ra ìka. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbàgbé, ẹnu mi á korò rándan-ràndan. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìka ti já lẹ́nu ọmú.

Mo wá ń ka ẹ̀kọ́ náà sókè ketekete ní àárọ̀ àti ní ọ̀sán, títí tí ó fi há mi lórí. Ọkọ mi ní, "Ṣebí o ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ṣe bí ẹni tó ń wo fóònù, kí o máa kà á lórí. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi á mọ̀," mo ní. "Tí mo bá ka àkọ́sórí, wọ́n ti gba ìwé lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìkórè, ìgbìmọ̀ tún fi ètò ìsìn mìíràn ránṣẹ́. Wọ́n ní kí a pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, àtúnṣe ti wà. Mo pa á rẹ́. Èmi ò mọ̀ pé àtúnṣe náà kò ju pé wọ́n gbàgbé àwòrán àwọn kan tó dá owó ńlá, wọ́n sì ti wá tò wọ́n síwájú pẹ̀lú ìyàwó wọn.

Alùfáà, tí èyí tí wọ́n ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kéde pé ẹ̀kọ́ kìíní wà ní ojú ìwé kẹjọ. Mo dìde, mo dé ibi ìwé kíkà, mo lọ sí ojú ìwé kẹjọ. Ọkùnrin kan tó wọ fìlà ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ṣí èyí tó tẹ̀ lé e, ìyàwó rẹ̀ ni. Nínú ìjọ, kálukú ń fa fóònù tirẹ̀ sókè sódò, wọ́n ń kùn. Wọ́dìn ti dìde, ọmọbìnrin kan láàárín àwọn akọrin sì ti ń bọ̀ wá gba ẹ̀kọ́ náà kà. Níwájú, ọkọ mi ń fi ètè sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ fún mi, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí.

Mo nawọ́ bí mo ṣe máa ń nà án sí kíláàsì tó ń pariwo. "Ẹ jókòó," mo ní, "mò ń wá a."

Wọ́n jókòó. Mo fi ìka gbígbẹ ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọjá àwọn olówó, mo kọjá àwọn ìyá ìjọ àti ẹgbẹ́ akọrin. Mi ò sáré. Nígbà tí mo rí àkọlé ẹ̀kọ́ mi, mo yí fóònù sí ẹ̀gbẹ́, mo sì ka ìlà kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà níbẹ̀ títí dé ìparí. N kò fo ọ̀kankan.

Lẹ́yìn ìsìn, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi, mò ń dúró de ọkọ mi. Wọ́dìn wá bá mi. Mo ti to èsì gidi kalẹ̀ dè é, nítorí inú ṣì ń bí mi. Ó yọ fóònù tirẹ̀, ó nà án jìnnà sí ojú, ó tún fà á mọ́ra.

"Mà," ó ní jẹ́jẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá? Ó ti pẹ́ tí mi ò ti rí ìwé kà dáadáa. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà ní kí èmi náà lọ sinmi."

Gbogbo èsì tí mo tò kalẹ̀ tú ká. Mo sún fún un lórí bẹ́ńṣì, mo ní kó jókòó, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́.